Ṣé Kí A Lé Kóòṣì Ni, Tàbí Kí A Ní Sùúrù?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe wàásù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ìrun Jímọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kan àgbàlagbà nínú eré ọmọdé. Oúnjẹ ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, àwa gan-an ni a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kálàmù ba méjèèjì jẹ́.

Ilé-ìwé gíga kan wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí tí a kò ní dárúkọ. Àwa òbí àti àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Kwara Falcons láti Ìlọrin kópa nínú ìdíje BAL ti ilẹ̀ Áfíríkà ní 2023, ara gbogbo wa yá gágá. A ní bí Ìlọrin bá lè dé irú ibẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ kò fi ní gbìyànjú? Ilé-ìwé náà gba kóòṣì tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í pariwo. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ìgbà méje ni wọ́n jáde lọ figagbága, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí. Nínú ọ̀kan, àmì tí àwọn àlejò gbà jẹ́ ìlọ́po méjì tiwa, lójú gbogbo ìlú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, a pé jọ sábẹ́ igi ọ̀dán. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ pé kí ọ̀gá ilé-ìwé yọ kóòṣì náà kí oṣù tó parí. Lẹ́tà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwa náà sì fọwọ́ sí i. Ìyá ọmọ kan sọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ wá lára. Ó ní ọmọ òun ti wà ní ọdún tí yóò fi jáde, kò ní ọdún mẹ́ta tí yóò fi dúró de kóòṣì tí ń kọ́ iṣẹ́. Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn ni pé kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ti lọ wo ibi tí ọkùnrin náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

Bàbá Àáfà kan wà láàárín wa tí kò mọ básíkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ayò. Nígbà tí lẹ́tà dé ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bọ́ọ̀lù mélòó ni ẹ fún un?"

A wo ojú ara wa. Akọ̀wé wa ní, "Bàbá, méjì ni ilé-ìwé ní. Ọ̀kan ti jò."

Bàbá ní, "Ẹ fún àgbẹ̀ ní ọkọ́ tí kò ní èèkù, ẹ wá ń bi í pé iṣu dà. Ẹ lọ wo oko rẹ̀ ná, kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n dá lẹ́tà padà láìfọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti ń ṣeré ti là káàkiri. Irin apẹ̀rẹ̀ kan ti wọ́, kò sì ní àwọ̀n. Kóòṣì ti dé ṣáájú àwọn ọmọ, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá iyanrìn kúrò kí ẹsẹ̀ wọn má baà yọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó yọ ìwé kékeré kan jáde. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ó kù fún un láti mọ̀: ẹni tí kò lè fi ọwọ́ òsì ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ẹni tí kì í wojú ẹnìkejì kí ó tó jù ú sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni ó sọ fún wa pé owó oṣù rẹ̀ ni ó fi ra bọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n ń lò. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́.

Nígbà tí à ń padà, a gbé àwọn ará Èsìẹ́ inú wa délé, a sì gba ọ̀nà ilé ère òkúta kọjá. Ní 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni ilé àkójọ ohun àtijọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ni ó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì bá ní fífọ́. Àwọn tí ó tún wọn ṣe fara balẹ̀, wọ́n ń wá orí tí ó bá ara mu. Ẹnì kan nínú wa ní, "Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ọjọ́ kìn-ín-ní ni à bá ti kó wọn dànù." Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ àwọn kóòṣì. Amẹ́ríkà ni James Naismith ti dá eré yìí sílẹ̀ ní 1891, apẹ̀rẹ̀ èso ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe é. Nígbà tí Naismith fúnra rẹ̀ di kóòṣì ní Yunifásítì Kansas, ó borí nígbà 55, wọ́n sì borí rẹ̀ nígbà 60. Nínú gbogbo kóòṣì tí ilé-ìwé náà ti ní, òun nìkan ni àdánù rẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ. Ẹni tí ó dá eré sílẹ̀ nìyẹn o!

Èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti Guy Lewis, kóòṣì Yunifásítì Houston. Ní 1956 ni ó gba iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, léraléra ni ìgbà tí wọ́n ń borí rẹ̀ fi pọ̀ ju ìgbà tí ó ń borí lọ. Wọn kò lé e. Láti ọdún kẹrin ni nǹkan ti yí padà, ọgbọ̀n ọdún ni ó sì lò níbẹ̀, títí di 1986. Ní 1980 ni ọmọ Yorùbá kan, ọmọ Mùsùlùmí, ti Èkó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: Hakeem Ọlájuwọ́n. Hakeem ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, kò kópa nínú ìdíje kankan. Ọdún kejì, orí ìjókòó ni ó ti ń wọlé. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa bá Moses Malone, àgbà òṣèré tí ó wà nílùú náà, ṣe ìdánrawò, ó sì gbọ́. Láti 1982 dé 1984, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Houston wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Hakeem sì lọ gba ife NBA ní 1994 àti 1995.

Kí a má purọ́, Lewis kò gba ife àwọn yunifásítì rí. Ní 1983, àmì méjì péré ni wọ́n fi gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, 54 sí 52, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lé e ní 1959, ọwọ́ ta ni ọmọ wa ìbá bọ́ sí?

Bákan náà ni Mike Krzyzewski ní Yunifásítì Duke. Ní ọdún kejì rẹ̀, ó borí nígbà 10, ó pàdánù nígbà 17. Ọdún kẹta, 11 sí 17. Àwọn olówó ilé-ìwé ní kí ó máa lọ, ṣùgbọ́n Tom Butters tí ó gbà á síṣẹ́ kọ̀. Ife márùn-ún ni ọkùnrin náà gbà kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2022. Àwa ọmọ Nàìjíríà náà kò sì gbàgbé Westerhof, ẹni tí Algeria fi góòlù márùn-ún sí ọ̀kan nà ní 1990, tí ó sì gba ife Áfíríkà fún wa ní 1994.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá mú sùúrù fún ni yóò di Krzyzewski. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ sùúrù, kò sì túmọ̀ sí kí ènìyàn káwọ́ lẹ́rán. Bí kóòṣì bá ń lu ọmọ, bí ó bá ń gba owó kí ó tó fi ọmọ sínú ẹgbẹ́, bí kì í bá wá síbi iṣẹ́, kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá pe ìyẹn ní sùúrù ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣiṣẹ́, tí ohun tí ọmọ kò mọ̀ lánàá ti di ohun tí ó mọ̀ lónìí, kí a fún un ní àkókò, kí àkókò náà ní òpin, kí a sì fún un ní irin iṣẹ́. Ìyá ọmọ yẹn kò jẹ̀bi. Gbèsè tí ọmọ rẹ̀ ń san, àwa tí a kò ra bọ́ọ̀lù ni a jẹ ẹ́.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a gba lẹ́tà wa padà, a sì kọ òmíràn: ọdún méjì fún kóòṣì, bọ́ọ̀lù mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa, àtúnṣe irin apẹ̀rẹ̀, kí àgbà kóòṣì kan sì máa ti Ìlọrin wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. A lọ jẹ́wọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó ní, "Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, ẹ̀yin bàbá mi. Ohun tí mo kàn ń bẹ Ọlọ́hun ni pé kí ẹnì kan wá wò wá." Ojú tì wá.

Ní ọdún kejì, mẹ́ta ni wọ́n borí nínú méje. Kì í ṣe ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lu ìlù. Àkókò tí a dá kò tí ì pé, bí ó bá sì pé tí iṣẹ́ kò tẹ̀síwájú, àwa náà ni yóò sọ fún un, lójú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀ lónìí, yálà olùkọ́ ni o, yálà ọmọ iṣẹ́ ni o, ẹ ti lọ wo oko rẹ̀ bí? Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù tí ó lójú. Àmín.