Ojú Omi Nokoué àti Ẹ̀wù Agbẹ̀mílà

Ẹni tí ó bá ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ yóò rí i bí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ tí omi sì ń gbilẹ̀. Ọ̀sà wà ní ẹsẹ̀ ìlú. Odò Ouémé ń ṣàn bọ̀ láti òkè, ó ń gba àárín àwọn abúlé Aguégués kọjá. Níwájú ni adágún Nokoué tẹ́ rẹrẹ sí, títí dé ẹ̀gbẹ́ Kútọnu. Láti èbúté Calavi ni ọkọ̀ ti ń gbé àlejò lọ sí Ganvié, ìlú tí a kọ́ sórí òpó láàrin omi. Níbẹ̀, ọmọ kékeré ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ bí ẹni ń rìn lójú títì, àwọn ìyá sì ń tajà láti inú ọkọ̀ sí inú ọkọ̀.

Adágún náà kò jìn púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀pá atukọ̀ ń kan ìsàlẹ̀. Èyí ni ó ń tan àlejò jẹ. Omi tí ó mu àgbàlagbà dé àyà ti bo ọmọdé mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ń di ẹsẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn igi tí apẹja rì mọ́lẹ̀ láti kó ẹja jọ, tí a ń pè ní acadja, lè fa ènìyàn láṣọ. Nígbà tí Ouémé bá sì kún, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, omi a ga, a sì máa ṣàn kíkankíkan.

Bí mo bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: «Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé dandan ni kí a wọ gilet yìí? Ooru ń mú.» Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹ̀wù tí ó bá ń ni ènìyàn lára, bíbọ́ ni a óò bọ́ ọ. Ẹ̀wù agbẹ̀mílà tí ó sì wà lórí ìjókòó kò lè gba ẹnikẹ́ni là, nítorí pé ọkọ̀ tí ń dojú dé kì í dúró de ẹni tí ń wá ìdè. Ìdí nìyí tí ìrọ̀rùn fi jẹ́ apá kan ààbò.

Ẹ kọ́kọ́ ka àkọlé inú rẹ̀. Ìwọ̀n kílò ẹni tí a ṣe é fún máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà agbára rẹ̀ ní newton. Newton 10 lè gbé nǹkan bíi kílò kan sókè. Èyí tí ó jẹ́ 50 wà fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, nítòsí etí omi. Kò lè yí ẹni tí ó dákú padà. 100 ni ó yẹ omi ìdákẹ́jẹ́ bíi ti ọ̀sà wa. 150 wà fún ojú òkun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹnì kejì fa èjìká ẹ̀wù náà. Bí ó bá gòkè dé etí yín, ó tóbi jù. Bí ẹ kò bá lè mí dáadáa tàbí kí ẹ jókòó, ó kéré jù. A kì í ra ti ọmọdé ní títóbi pé yóò dàgbà sí i. Kí tirẹ̀ ní okùn tí ó gba àárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi. Ẹ̀wù tí ó dára máa ń dá ènìyàn délẹ̀ lórí omi, kí ojú lè kọ sí òkè. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn ìyá, abẹ́ omi ni ọmọ náà yóò wà. Nítorí náà, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀, ẹ gbé e sí iwájú, kí ó ní ẹ̀wù tirẹ̀.

Láyé àtijọ́, òwú igi àràbà ni a ń dì sínú irú ẹ̀wù báyìí, nítorí pé ó fúyẹ́, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Lónìí, fóòmù ni ó gba ipò rẹ̀. Fóòmù a máa gbó: oòrùn ń jẹ ẹ́, bí a bá sì fi ṣe tìmùtìmù, a tẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ a dínkù. Bí ìdè bá já tàbí tí aṣọ rẹ̀ ya, ẹ béèrè òmíràn; atukọ̀ rere kò ní bínú. Ìfura loògùn àgbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ganvié dùn-ún wò, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ ẹ̀wù yín kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò lórí ilẹ̀, ẹ má sì bọ́ ọ títí tí ẹ óò fi tún tẹ ilẹ̀.