Ilẹ̀ lọ̀gá! Ohun tójú ń rí níbi eré ìje mọ́tò rímóòtù ní California

Ẹni tó bá gbọ́ pé bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta jókòó ti mọ́tò ìṣeré láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, á ní ó dájú pé nǹkan ń ṣe bàbá náà ni. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún tó máa bú èèyàn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé apá gúúsù ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti Los Angeles títí dé San Diego. Bó bá débẹ̀, á rí i pé eré táwọn èèyàn yìí ń ṣe kì í ṣe eré ọmọdé rárá. Owó ń bẹ níbẹ̀, omijé náà sì ń bẹ níbẹ̀.

Mọ́tò tí à ń wí yìí, píkọ́ọ̀pù kékeré ni. Kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá pín píkọ́ọ̀pù gidi sọ́nà mẹ́wàá, ìdá kan ẹ̀ nìyẹn. Bátìrì ló ń gbé e rìn, rímóòtù ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ló sì ń darí ẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o! Tó bá gbéra, ẹlẹ́sẹ̀ ò lè bá a. Tó bá dórí òkè tí wọ́n fi amọ̀ mọ, á fò fẹ̀ẹ̀ bí ẹyẹ, á lọ balẹ̀ sí òdìkejì.

Ibẹ̀ nilé ẹ̀

Kì í ṣe pé eré yìí ṣàdédé yà sí California. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń sá eré ìje mọ́tò gidi kan tí wọ́n ń pè ní Baja 1000 nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Mexico, nísàlẹ̀ California níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, bí mọ́tò bá ti kọjá fìrì, eruku ló kù fún òǹwòran. Nígbà tó wá di ọdún 1979, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mickey Thompson kó erùpẹ̀ wọ inú pápá ìṣeré Coliseum ní Los Angeles, ó mọ òkè, ó gbẹ́ kòtò, ó ní káwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ wá sá a síbẹ̀, káwọn èèyàn jókòó pẹ̀sẹ̀ máa wò wọ́n. Àwọn píkọ́ọ̀pù tó ń fò kiri nínú pápá yìí ni wọ́n wò ṣe mọ́tò rímóòtù ọ̀hún, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní stadium truck. Ó kàn jẹ́ pé Thompson fúnra ẹ̀ kò fọwọ́ rọrí kú ni. Lóṣù kẹta ọdún 1988 ni wọ́n yìnbọn pa òun àti ìyàwó ẹ̀ nílé wọn. Ọdún 2007 ni ilé-ẹjọ́ tó dá ẹni tí wọ́n jọ dòwò pọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́bi.

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò kéékèèké náà kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ California ni iléeṣẹ́ Team Associated, tó gbé RC10 jáde lọ́dún 1984. Nígbà tí wọ́n sì máa ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún irú mọ́tò oníbátìrì yìí lọ́dún 1985, ìlú Del Mar, nítòsí San Diego, ni wọ́n ti ṣe é.

Bí ibẹ̀ ṣe rí

Àwọn pápá ìdíje kan wà níta gbangba, àwọn míì wà nínú ilé ńlá tó dà bí ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n á da amọ̀ síbẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá fi páìpù pààlà ọ̀nà. Orí pèpéle gíga làwọn awakọ̀ ń tò sí, tí kálukú gbá rímóòtù mú. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń dàrú, torí bí mọ́tò bá dojú kọ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ẹ ti di ọwọ́ òsì ẹ̀ nìyẹn! Lẹ́yìn pèpéle ni tábìlì wọn wà, tí sípánà, ọ́ìlì, gúlúù àti bátìrì kún orí ẹ̀ bámúbámú, àfi bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan àtọmọ ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣàpẹẹrẹ, irú wọn ò wọ́n níbẹ̀. Láàárọ̀ tí wọ́n dé, ìgbà márùn-ún ni mọ́tò ọmọ náà dojú dé kó tó yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti dé kọ́nà, á tàkìtì. Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Dádì, mọ́tò yìí ò dáa. Ẹ jẹ́ ká ra ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju èyí lọ."

Bàbá ti ki ọwọ́ bàpò. Bẹ́ẹ̀, owó tó wà níbẹ̀, owó iná ilé ni o! Àfi bí bàbá àgbà kan tó wà nídìí tábìlì kejì ṣe dá a dúró: "Má tíì náwó. Ẹ gbé e wá ká wò ó."

Níbẹ̀ kẹ̀, ẹni tó máa bá ẹ díje lọ́la lè bá ẹ tún mọ́tò ṣe lónìí.

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan

Táyà ni bàbá àgbà kọ́kọ́ wò. Táyà eléyín gígùn lọmọ náà wọ̀ fún mọ́tò ẹ̀. Ilẹ̀ tó rọ̀, tó ní eruku, nirú ìyẹn wà fún. Lórí amọ̀ tó ti le, tó ń dán, táyà tí eyín ẹ̀ ti jẹ ló dáa. Ó yọ èyí tóun ti lò sẹ́yìn fún un, ó tún fi gúlúù lẹ etí ẹ̀ tó fẹ́ ṣí mọ́ àgbá.

Ó bi ọmọ náà pé ṣé bátìrì wà nínú mọ́tò. Ọmọ ní kò sí. Ó ní kó fi í sí i, torí kò sẹ́ni tó ń wọn gíga mọ́tò láìgbé ẹrù ẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n: àyà ẹ̀ ga sílẹ̀ ní mìlímítà 30. Ó yí ìdè tó wà lára ṣọ́kì títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ sí 22. Mọ́tò tó ga, tí táyà ẹ̀ sì di ilẹ̀ mú jù, dandan ni kó tàkìtì.

Ó wá kan ṣọ́kì fúnra ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti wọnú ọ́ìlì ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ kan fi ń rọ̀ ju ìkejì lọ. Wọ́n rọ ọ́ìlì tuntun sí i, wọ́n ń fà á sókè sódò díẹ̀díẹ̀ títí ìfófòó fi tán. Ọ́ìlì tó ki máa ń jẹ́ kí ṣọ́kì falẹ̀, èyí tó ṣàn máa ń jẹ́ kó yára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe aláìnmẹ́ǹtì, bíi ti mẹkáníìkì wa nílé: orí táyà gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú díẹ̀, bí ìwọ̀n dìgírì kan sí méjì.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ti tún ọ̀kan ṣe, á ní kí ọmọ lọ wà á wò, kó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ó ní tó o bá yí nǹkan mẹ́rin pa pọ̀, tí mọ́tò wá dáa, o ò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Àwọn àgbà tiwa náà ti wí i pé ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tó dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Rọ́bà táyà ti kun ojú ọ̀nà, ó dúdú, ó ń dán. Wọ́n tún wọ́n omi, amọ̀ tún tutù. Mọ́tò tó dáa láago méjì kò dáa mọ́ láago mẹ́fà. Ẹni tó bá ń bá ilẹ̀ jà, ilẹ̀ náà ni yóò dá a.

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fi sá eré tiwọn. Kọ̀ǹpútà ló ń ka iye ìgbà tí kálukú yí pápá ká, nítorí ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan tó ń ta á lólobó. Ọmọ náà ò gbapò kìíní o, ipò kẹrin ló ṣe nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n mọ́tò ẹ̀ kò dojú dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò tíì ráyè yọ̀ tán tó fi ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró sínú pápá, torí òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá sáré tán ni yóò máa gbé mọ́tò àwọn tó kàn dìde tó bá ṣubú. Kò sì pẹ́ tí ọ̀kan fi fò kọjá òkè, tó dojú dé síwájú ẹ̀ gan-an. Mọ́tò bàbá àgbà ni. Ọmọ sáré débẹ̀, ó gbé e nàró, ó dorí ẹ̀ kọ ọ̀nà, ó sún sẹ́yìn.

Láti orí pèpéle ni bàbá àgbà ti pariwo, "O ṣé o, ọmọ mi!"

Owó iná ilé ṣì wà lápò bàbá ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé.