Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Tí Iná Kò Gbọdọ̀ Lọ

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí èsì ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, mo jókòó sínú yàrá mi ní Ìgbàrà-Òkè, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà tí kò mira. Àjọ INEC ń gbé àwòrán ìwé èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì IReV. Ìpinnu mi ni láti ṣí ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ wa yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi ojú ara mi kà á kí n tó kọ ohunkóhun fún ẹ̀yin olùkà wa. Ìkíní ṣí. Ìkejì ń yí, ó ń yí. Nígbà tí mo fi dé ìkẹrin, fáànù ẹ̀rọ náà ń ké bí ẹ̀rọ alátà, kò sì sí ohun tí mo tẹ̀ tó dá mi lóhùn. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kejì, pé Lucky Aiyedatiwa ti ẹgbẹ́ APC ló borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tí ó rí àti ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú kọ̀ǹpútà tí mò ń wí. Dell Latitude tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 ni, tòkunbọ̀ pọ́ńbélé. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, nọ́ńbà tí àwọn tó kọ́kọ́ ni ín lókè òkun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn jẹ mí ní owó oṣù méje. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́, wọ́n ní kí oníkálùkù gbé kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ sílé, kí a kà á mọ́ gbèsè náà. N kò tíì rí ìyókù gbà títí di òní. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí n kò ju ẹrù àtijọ́ yìí nù, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Owó oṣù mi ni.

Ẹni tó sì ní kí n ra òmíràn kò tíì bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Kọ̀ǹpútà kì í hù lóko wa. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wọlé, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀. Iye tí wọ́n pe tòkunbọ̀ tó sàn díẹ̀ fún mi ní Àkúrẹ́ ju owó ilé mi ọdún kan lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nítòsí ibùdókọ̀ wa tí ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò kú o. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbé e mọ́." Processor ló ń pè bẹ́ẹ̀. Core i3-2310M ló wà nínú tèmi, tí ìyára rẹ̀ kò lè kọjá 2.1 gígáhátísì bó ti wù kí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó. Ó ní òun lè bá mi rí Core i7-2640M láti Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, èyí tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ti fọ́: 2.8 ni ìyẹn, ó sì lè sáré dé 3.5 nígbà tí iṣẹ́ bá le. Wátì 35 ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì, nítorí náà fáànù àtijọ́ yóò gbà á. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán ọmọ náà ni pé kò fi ẹnu dídùn tà á fún mi. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé díìsìkì àtijọ́ tí ń yí ni mo ṣì ń lò, òun ì bá ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ processor, kí n fi owó náà ra SSD, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àgbà ti ń gba ẹ̀mí padà. Mo ti ṣe ìyẹn ní ọdún méjì ṣáájú, mo sì ti fi kún RAM rẹ̀.

BIOS ni kò jẹ́ kí a ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti sùn nítòsí ààfin rí mọ̀ pé ìlù ló ń jí ọba. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, onílù ti dé, yóò ki ọba, yóò ki àwọn baba ńlá rẹ̀. Bí àlejò bá sì ń wọlé, ìlù ni yóò sọ ẹni tí ń bọ̀. Iṣẹ́ tí BIOS ń ṣe kò jìnnà sí èyí. Ètò kékeré kan ni, orí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ló ń gbé, kì í ṣe inú díìsìkì. Òun ló ń kọ́kọ́ jí bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà, òun ló ń pe processor, RAM àti díìsìkì lórúkọ kí Windows tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Onílù tèmi ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ni, 2640M sì jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Kò mọ oríkì rẹ̀. Bí a bá gbé àlejò náà wọlé bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, kó má tàn rárá. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tuntun rọ́pò BIOS, nígbà tí processor àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Èyí kò gba owó. Ọ̀fẹ́ ni Dell gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iná ló gbà. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ̀rọ yóò máa pa ohun àtijọ́ rẹ́, yóò sì máa kọ tuntun sípò rẹ̀. Bí iná bá lọ láàrin méjèèjì, àtijọ́ ti lọ, tuntun kò dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999, fáírọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ CIH, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní Taiwan, ba BIOS ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ káàkiri ayé, gbogbo ara wọn wà ní pípé, ṣùgbọ́n wọn kò lè jí. Ìdí nìyí tí ètò Dell náà kò fi ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí ṣájà bá wà lára ẹ̀rọ, tí bátìrì sì ní agbára díẹ̀ nínú. Bátìrì tèmi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Tuntun tí mo rí ní Àkúrẹ́ wọ́n ju processor lọ.

Ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ kan wà tí a lè kọ mọ́ àṣẹ náà, tí yóò mú kó gbójú fo bátìrì. Mo bi í bóyá ó ti ṣe é rí.

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sà."

"Gbogbo wọn ló jí?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Méjì jí, sà."

Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo padà sílé. Iná ọba ní àdúgbò wa lè wà fún wákàtí mẹ́rin, ó sì lè má pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ mi kékeré ń wú, ó ń rọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń ro ó. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré! Mo ti kọ àìmọye àpilẹ̀kọ lórí àìsí iná ní orílẹ̀-èdè yìí, n kò sì wọn ọ̀rọ̀ náà ní ìṣẹ́jú rí.

Onígbàjámọ̀ tí ń gé irun mi ló yanjú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì fò sókè, ó pa jẹnẹrétọ̀ tì, ó gbé páńẹ́lì sólà mẹ́rin sórí páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ra bátìrì ńlá àti ínfátà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, tí ọyẹ́ ń fẹ́, èmi àti ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láàrin pọ́dà àti kílípà. Onígbàjámọ̀ ní òun yóò dá iṣẹ́ dúró kí ẹ̀rù má baà wọ iná lọ́rùn. Oníbàárà kan wà lórí àga tó ti gé irun rẹ̀ dé àárín orí. Ọkùnrin náà gbà, ó sì fa ọrùn yọ láti wo ohun tí a ń ṣe.

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ dúdú, fáànù ké, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn: 10, 25, 60. N kò mọ̀ pé mo di etí tábìlì mú. Ó dé 100, ó kú pátá, gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni orúkọ Dell yọ. Bí a ti ń mí kanlẹ̀ ni àwọn ọmọdé ìta pariwo "Up NEPA!" Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé iná ti lọ nígbà kan tí a kò fiyè sí, ó sì ti dé padà.

"Ṣé kí wọ́n gé ìyókù báyìí?" ni ọkùnrin orí àga wí.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó gbọn eruku tó tó ẹ̀kúnwọ́, ó yí síkúrù kan lábọ̀, processor àtijọ́ sì jáde wẹ́rẹ́. Ó wo àmì tó wà ní igun tuntun, ó gbé e sí ihò rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, ó fi paste tí kò ju wóró ìrẹsì kan lọ sórí rẹ̀. Ó ní irú ẹ̀rọ tí òun fẹ́ràn láti ṣí nìyí, wọ́n sì ń dín kù: láti bí ọdún 2015, òjé ni wọ́n fi ń lẹ processor Intel mọ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹni tó bá rà á ti fẹ́ ẹ nìyẹn.

Kò sọ ẹ̀rọ mi di ọ̀dọ́. Windows 11 kò gba processor Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, ìran kejì sì ni tèmi. Nígbà tí Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Linux Mint ni mo gbé sí i, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi tí àmì ohùn wà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí a ṣe é, mo padà sórí IReV, mo ṣí ìwé èsì Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ ní oṣù méjì lẹ́yìn ìdìbò, mo kà á láti ibùdó dé ibùdó títí oorun fi kùn mí. Ẹ̀rọ kò dúró.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà wá bèèrè i3 àtijọ́ náà. Olùkọ́ kan ní irú Latitude mi, ó ní, ti rẹ̀ ti jóná. Inú páálí ìṣáná ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ 988. Mo fún un. Mo bi í bóyá BIOS ti olùkọ́ náà yóò mọ̀ ọ́n.

"Yóò mọ̀ ọ́n, sà. Àtijọ́ ni."