Ta Ló Ni Orúkọ Ahwahnee?

Láti ọdún 1927 ni hòtẹ́ẹ̀lì Ahwahnee ti wà ní àfonífojì Yosemite, ní California. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló nilẹ̀, òun náà ló nilé. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n bo orúkọ náà lójú pátákó, wọ́n ní Majestic Yosemite Hotel ni kí a máa pè é.

Iléeṣẹ́ Delaware North, tó gba iṣẹ́ àbójútó ibẹ̀ lọ́dún 1993, ló ti lọ gbàwé àṣẹ pé òun ló ni orúkọ náà lójú òwò. Kò mọ síbẹ̀ o: "Yosemite National Park" tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ àti ife pàápàá, ó lóun ló ni ín. Nígbà tí ìjọba gbéṣẹ́ fún iléeṣẹ́ mìíràn, Aramark, Delaware North béèrè mílíọ̀nù 51 dọ́là. Ìjọba ní kò ju mílíọ̀nù 3.5 lọ. Ló bá di ẹjọ́.

Mo rò ó títí. Ní tòsí ilé mi n'Íbàdàn, obìnrin kan háyà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ro àmàlà níbẹ̀. Orúkọ ibùdókọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló kọ sára pátákó. Ewédú rẹ̀ ló ń fa èrò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba iyì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń kó lọ lọ́la, ṣé yóò di orúkọ ibùdókọ̀ mọ́ ìkòkò ni? Òfin àmì òwò wa ní Nàìjíríà, ti ọdún 1965, pàápàá ò gbà kéèyàn ṣàdédé sọ orúkọ ìlú di tara ẹ̀, àfi tó bá fi hàn pé òun làwọn oníbàárà fi orúkọ náà mọ̀.

Wọ́n parí ìjà náà lọ́dún 2019 pẹ̀lú mílíọ̀nù 12 dọ́là: Aramark san 8.16, ìjọba san 3.84. Orúkọ padà sára ilé.

Ohun tó ń dùn mí kọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń jẹ́ Ahwahneechee, tí orúkọ náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ló ń gbé àfonífojì náà kí hòtẹ́ẹ̀lì kankan tó débẹ̀. Lọ́dún 1851, àwọn ológun lé wọn jáde, wọ́n dáná sun ilé wọn àti oúnjẹ tí wọ́n kó pa mọ́. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní agbègbè Mariposa. Nínú mílíọ̀nù 12 yẹn, kọ́bọ̀ ò kàn wọ́n. Bí wọ́n bá tún fẹ́ kọ àdéhùn tuntun lórí hòtẹ́ẹ̀lì náà, àwọn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè jókòó, kí wọ́n tó tẹ orúkọ náà sára ife kan ṣoṣo.