Òkúta Iyanrìn Nínú Ọgbà

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń ṣe pálọ̀. Wọn a tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sí ilẹ̀, wọn a gbé àga àti tábìlì lé e, wọn a sì jókòó yá oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí wọ́n fẹ́ràn fún iṣẹ́ yìí ni òkúta iyanrìn.

Iyanrìn lásán ni òkúta yìí nígbà kan rí. Omi tàbí afẹ́fẹ́ ni ó kó o jọ ní ìpele ìpele. Ìwúwo ohun tí ó wà lókè tẹ̀ ẹ́ fún àìmọye ọdún títí ó fi dì. Nítorí ìpele wọ̀nyí ni ó fi rọrùn láti là sí pẹlẹbẹ. Irin tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì máa ń mú kí ara rẹ̀ pọ́n.

Púpọ̀ nínú òkúta náà ni ó ń ti Rajasthan, ní Íńdíà, wá. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà: òkúta iyanrìn pupa ni Shah Jahan fi mọ odi ààfin rẹ̀ ní Delhi, tí ó parí ní 1648, tí ó sì dúró títí di òní.

Ṣùgbọ́n òkúta a máa pẹ́ ju ẹni tí ó gé e lọ. Eruku rẹ̀ tí ó kúnná, tí ojú kò lè rí, a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóóró alágbàṣe, a sì dá àpá líle síbẹ̀, títí èémí rẹ̀ yóò fi máa kúrú. Silicosis ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn náà. Kò ní ìwòsàn, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ní 2019 ìjọba Rajasthan gbé ìlànà kalẹ̀ láti ran àwọn tí ó ní in lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ dára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Owó kò lè ra èémí padà.

Ewu náà kò sì tán sí Íńdíà. Birikílà tí ó ń fi ẹ̀rọ gé òkúta kan náà ní gbígbẹ nínú ọgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fa eruku kan náà símú. Bẹ́ẹ̀ omi ni olórí ìdènà rẹ̀: bí omi bá ń ṣàn sí ojú irin tí ó ń gé e, eruku kì í lè fò púpọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ra òkúta iyanrìn má ṣe bèèrè iye owó àti àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Kí ó bèèrè ibi tí ó ti wá, kí ó sì bèèrè bóyá ẹni tí ó gé e ṣì ń mí dáadáa.