Ẹṣin Tuntun ní Àgbàlá Wa
Oṣù mẹ́ta ṣáájú Iléyá ni bàbá mi ra ẹṣin pupa kan láti Kánò, nítorí Ojúde Ọba tí à ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Inú gbogbo wa dùn, àfi inú ẹṣin. Màlámù tí ó fà á wá kìlọ̀ pé kí a má ṣe pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lójijì, nítorí ẹṣin kò lè bì. Ohun tí kò bá bá a lára mu lè pa á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbà kí n gùn ún. Alùpùpù kan kọjá, ó sì gbé mi sọ sínú koríko. (Ẹ má bèèrè ibi tí ó dùn mí.)

Irù ni ó bà wá lẹ́rù jù. Àìsàn tí eṣinṣin yìí ń gbé kiri wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ rọ́wọ́ mú nínú igbó. Nígbà tí ẹṣin wa rù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì gún un lábẹ́rẹ́. Bàbá mi, ẹni tí kì í sùn láìsí fáànù, sun àgbàlá lóru ọjọ́ náà.

Ó ti ń jẹun báyìí. Ìró ìlù ni kò tíì mọ́ ọn lára, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó sì kù. Mo ti bẹ onílù àdúgbò wa kí ó máa wá lùlù fún un ní ìrọ̀lẹ́.