Bí A Ti Ń Yan Mọ́nítọ̀ Ńlá Sínú Ilé

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá, ẹ má ṣe jẹ́ kí títóbi rẹ̀ nìkan wọ̀ yín lójú. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn tábìlì yín, nítorí ó yẹ kí mọ́nítọ̀ jìnnà sí ojú yín tó gígùn apá kan. Tábìlì tèmi kò fẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú oníínṣì 27, tí mo sì fi oníínṣì 32 sílẹ̀.

Ẹ bèèrè iye àmì tíntìntín tí ó para pọ̀ di àwòrán ojú rẹ̀. Bí oníínṣì 27 bá ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, lẹ́tà rẹ̀ kì í dán tó. 2560 ní ìbú àti 1440 ní òró ni ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ òkè bá ojú yín dọ́gba, tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ọrùn má baà máa ro yín. Kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ gbé bébà funfun tì í: bí mọ́nítọ̀ bá mọ́lẹ̀ ju bébà lọ, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Bí lẹ́tà bá kéré, ẹ mú un tóbi.

Alẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ráyè ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó tẹjú mọ́ mọ́nítọ̀ kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ, ojú a sì máa gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ọ̀ọ́kán díẹ̀. Ojú lọba ara. A kì í rí òmíràn rà lọ́jà.